Ohùn Mẹ́fà Nínú Àpótí Olóògbé

Ìwé ìrìnnà mi ti jáde. Aṣọ funfun méjì tí a fi ń wọ ilẹ̀ mímọ́ ti wà ní kíká nínú àpò. Ṣùgbọ́n n kò lè gbé ẹsẹ̀ wọ bàálù láìsọ ohun tí mo ṣe. Ọdún mẹ́ta ni mo fi gbé e mì, mo rò pé yóò dà nínú mi bí oúnjẹ ṣe ń dà, kò dà. Èmi Zàíd, tí gbogbo Adígbẹ́ ń pè ní Ẹnjiníà, ni mo ń kọ ìwé yìí. Bírò ni mo fi ń kọ ọ́, n kò fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ẹlòmíràn ló kọ ọ́ fún mi. Orúkọ ọmọbìnrin kan bàjẹ́ nítorí mi. Ọkùnrin kan kò gbẹ́kẹ̀ lé etí ara rẹ̀ mọ́ nítorí mi. Aboyún kan sì wà nínú ilẹ̀. Bí ẹ̀bi ikú yẹn kò bá jẹ́ tèmi nìkan, ẹ̀bi ohun tó tẹ̀lé e, èmi nìkan ni mo ni ín.

Kí ẹ tó lè mọ bí ẹ̀ṣẹ̀ náà ti tóbi tó, ẹ ní láti mọ iṣẹ́ mi. Kò sí ẹni tó kọ́ mi. Fóònù ni mo kọ́kọ́ ń tún ṣe, mo sì máa ń tú èyí tí kò bàjẹ́ pàápàá wò, kí n lè mọ ibi tí ohùn ń gbà wọlé àti ibi tó ń gbà jáde. Nígbà tó yá, mo gbọ́ pé èèyàn lè fi kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ṣe fóònù odindi ilé iṣẹ́: ẹni tó bá pè á gbọ́ ohùn obìnrin tó ń kí i káàbọ̀, á ní kó tẹ ení fún ọ̀gá, kó tẹ èjì fún àwọn tó ń tajà. Mo kà nípa rẹ̀, mo dán an wò, ó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mo tún un ṣe, títí ó fi gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Kì í sì í ṣe ilé iṣẹ́ kan ni mo ń fi kọ̀ǹpútà náà ṣe é fún. Mẹ́sàn-án ni. Àwa oníṣẹ́ ń pe irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ní sáfà. Tèmi wà nínú yàrá kékeré lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi, fáànù méjì ń fẹ́ sí i, bátìrì ńlá mẹ́rin sì ń dúró dè é bí wọ́n bá mú iná lọ. Ẹ fi ojú inú wò ó bí ilé tí wọ́n pín sí yàrá yàrá fún àwọn ayálégbé. Òrùlé kan ló bo gbogbo wọn, ẹnu ọ̀nà kan ni wọ́n ń bá wọlé, ṣùgbọ́n oníkálukú ló ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, yàrá kan kò sì gbọdọ̀ gbọ́ ohun tí yàrá kejì ń sọ. Nọ́ńbà 104 lè jẹ́ ti ọ̀gá ní ilé iṣẹ́ kan, kó jẹ́ ti ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ní òmíràn. Àwọn méjèèjì ò ní í pàdé títí ayé, bí ẹni tó kọ́ ilé náà bá mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ogiri tó wà láàárín wọn kì í ṣe bíríkì. Ìlà ọ̀rọ̀ ni, tí mo fi ìka mi tẹ̀ sínú ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ràn àwọn ìlà yẹn débi pé bí mo bá jókòó tì wọ́n, mo máa ń gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán. Ìgbéraga ni, n kò mọ̀ nígbà yẹn.

Ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé mi ni Alàájì Sàlàhúdíìnì, oníṣòwò sìmẹ́ńtì. Ọmọ Kémta ni, ìdílé tó ti ń ṣòwò láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ṣùgbọ́n Papalanto ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Òun ló ni 104 ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀. Gbogbo ẹni tó ní nọ́ńbà lọ́dọ̀ mi ló ní àpótí ohùn kan: bí wọ́n bá pè é tí kò gbé e, ẹni tó pè á sọ tẹnu rẹ̀ sínú àpótí náà, iná pupa kékeré kan á sì máa ṣẹ́jú lórí fóònù títí ẹni tó ni ín yóò fi gbọ́ ọ. Ohùn inú ẹ̀rọ ló máa ń dáhùn fún ọ̀pọ̀ wọn, ṣùgbọ́n Alàájì ní tòun kọ́, òun fúnra òun ni yóò máa dá àwọn oníbàárà òun lóhùn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la gbà á sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀kíní, ó ṣàdúà fún ẹni tó pè, ó ṣe fún ìyá rẹ̀, ó ṣe fún ìjọba ìbílẹ̀, àyè tán kó tó ṣe àmín. Èyí tó dúró nígbẹ̀yìn ni: “Èmi Alàájì Sàlàhúdíìnì nìyí. N kò sí lórí ìjókòó. Ẹ sọ tẹnu yín, n ó dá yín lóhùn, bí Ọlọ́run bá fẹ́.” Ohùn rẹ̀ tutù, ó dùn ún gbọ́ létí, ẹni tó bá gbọ́ ọ á gbà pé lóòótọ́ ni yóò dá òun lóhùn.

Ọjọ́rú ni Alàájì kú. Ó kírun ìdájí, ó jókòó láti mu ẹ̀kọ, kò sì dìde mọ́. Èmi wà nídìí sáfà ní àárọ̀ ọjọ́ náà, mo ń kọ́ yàrá tuntun fún ayálégbé tuntun, ìyẹn ilé ìwòsàn tí Dókítà Mojí dá sílẹ̀ ní Adígbẹ́ níbí. Wọ́n pè mí pé lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ni wọn yóò sin ín. Ẹ mọ̀ pé àwa kì í fi òkú pamọ́. Mo ti ṣèlérí fún Dókítà pé fóònù rẹ̀ yóò dún kí ọjọ́ náà tó parí, mo sì fẹ́ bá wọn kírun sí Alàájì lára. Nítorí náà mo ṣe ohun tí gbogbo oníṣẹ́ bíi tèmi ń ṣe: mo da ìwé yàrá Alàájì kọ lódindi, mo wá ń pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ níbi gbogbo tí mo bá ti rí i, mo ń fi orúkọ ilé ìwòsàn rọ́pò. Mo pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ níbi mọ́kànlélógún. Ìkejìlélógún ni n kò rí, ìyẹn ìlà tó ń sọ ibi tí ẹ̀rọ yóò gbé ohùn lọ bí ẹnikẹ́ni kò bá gbé fóònù. Mo pe gbogbo fóònù ilé ìwòsàn wò, gbogbo wọn ló dún. Fàòsíyà, ọmọbìnrin tó wà ní yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ni mo fún ní 104 níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí mi létí pé, “Ẹ̀gbọ́n Zàíd, ó dà bíi pé ẹ dúró lẹ́yìn mi.” Kò sí ẹni tó rántí dán àpótí ohùn wò. Mo ti ilẹ̀kùn, mo lọ síbi ìsìnkú. Mo sunkún níbẹ̀ pẹ̀lú, n kò mọ̀ pé mo ti so alààyè àti òkú mọ́ okùn kan.

Ní ìdílé Alàájì, bí baálé bá kú, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan ibi tó ń jókòó sí títí wọn yóò fi ṣe àdúà ogójì ọjọ́. Ìyàwó rẹ̀ àgbà, Alàájà Bùsírátù, ti ọ́fíìsì náà pa, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí ìró. Ọ́fíìsì yìí ní fèrèsé gíláàsì tó dojú kọ ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ń jókòó sí, gbogbo wọn sì ń rí inú rẹ̀: tẹ̀síbà Alàájì, awò ojú rẹ̀, fóònù rẹ̀, bó ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ gan-an, ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, iná pupa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú lórí fóònù náà. Ẹnì kan fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún òkú. Jedidiah, akọ̀wé wọn, fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní Alàájì ò tíì gbà pé òun ti lọ, ó ṣì ń gbàpè. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ọjọ́ kejì tí iná náà kò dáwọ́ dúró, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ síbi omi kí wọ́n má baà kọjá níwájú gíláàsì. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ fún wọn jókòó sílé, ó ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn.

Ọjọ́ kẹtàlá ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Ó jẹ́ Ọjọ́ Ajé, oòrùn mú janjan. Mo dúró níwájú gíláàsì náà, iná yẹn ń tàn, ó ń kú, ó ń tàn, bí ojú ẹni tó ń gbìyànjú láti jí. Mo pe Alàájà Bùsírátù, mo ní mo lè pa iná náà láti Adígbẹ́ láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Ó bi mí bóyá mo lè gbọ́ ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀. Mo ní mo lè gbọ́ ọ. Ó ní, “Má gbọ́ ọ, Zàíd. Ohun tí wọ́n bá gbé fún òkú, òkú ló ni ín. Ó di ogójì ọjọ́.” Mo dáhùn pé, “Ẹ ṣeun, mà.” Mo padà sí ìdí sáfà, mo rí i pé ohùn méjì ló wà nínú àpótí náà. Ìgbà méjì péré ni ǹ bá fi ìka tẹ bọ́tìnì, ǹ bá ti rí nọ́ńbà ẹni tó pè àti yàrá tó gbà wọlé. Mo sọ fún ara mi pé mò ń bọ̀wọ̀ fún ìdílé ni. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ló bà mí. Gbogbo Papalanto ló mọ̀ pé Alàájì ti kú. Ta ló wá ń bá a sọ̀rọ̀? Mo pa iná náà. Ká ní mo gbọ́ ọ ní ọjọ́ yẹn, ọjọ́ mẹ́wàá gbáko ló ṣì kù fún obìnrin tó fi ohùn náà sílẹ̀.

Ọjọ́ ogójì pé, ó bọ́ sí Ọjọ́ Àìkú. Lẹ́yìn àdúà, Alàájà ṣí ọ́fíìsì náà. Èmi àti òun àti Jedidiah la wọlé. Mo tẹ fóònù náà kí ohùn lè jáde fún gbogbo wa. Ẹ̀rọ ní ọ̀rọ̀ mẹ́fà ló wà nílẹ̀. Ohùn ọmọbìnrin kan jáde, ohùn ẹni tí wọ́n tọ́ dáadáa: “Ẹ kú iṣẹ́, Alàájì. Èmi Ràhámátù ni, láti Papalanto níbí. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ yín ni kí n ti béèrè èsì mi. Ẹ dákun, ẹ pè mí.” Alàájà wò mí, ó wo Jedidiah, ó ní, “Ràhámátù wo?” Ìkejì ní orí ń fọ́ òun, kò lọ bí òun tilẹ̀ lo oògùn. Ìkẹta ní, “Alàájì, ẹsẹ̀ mi ti wú, bàtà ò gbà á mọ́. Ẹ ní ẹ ó dá mi lóhùn.” Ìkẹrin ní ọmọ inú òun kò sún bó ṣe ń sún tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Alàájà gbọ́ ọmọ inú, ó jókòó sórí àga ọkọ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì jókòó lé, ó ní, “Ó lóyún fún un.” Kò pariwo. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri. Ìkarùn-ún wá jáde. Ohùn náà ti rọ̀, ó ń gba àárín èémí bọ̀: “Alàájì, mo ti bá yín sọ̀rọ̀ títí, ó sú mi. Bí ẹ ò bá lè pè mí, èmi náà máa wá bá yín.” Ojú wa kò pàdé mọ́, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú ìkẹfà, kò sí ọ̀rọ̀ kankan. Nọ́ńbà kan náà ló pè, ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ìkarùn-ún. Èémí ni a ń gbọ́, àti ohùn ẹni tó ń ké Àlùkùránì níbi tó jìnnà, ó wá já. Jedidiah ti wà lóde kí ó tó já.

Ọ̀rọ̀ náà “èsì” ti là mí lójú láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀. Mo ti mọ̀ kí ìkejì tó jáde. Alàájà bi mí pé, “Zàíd, ìwọ lo mọ nǹkan yìí. Ta ni obìnrin yìí?” Mo ní, “Alàájà, ìlà ló ṣèèṣì kọ lu ìlà láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta nẹ́tíwọ̀kì. Ẹni tí a kò mọ̀ rí ni.” Kò gbà mí gbọ́. Ó fẹsẹ̀ rìn ká Papalanto ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ń béèrè Ràhámátù tó lóyún, wọ́n sì fi ibojì rẹ̀ hàn án. Alàájà Bùsírátù, ẹ gbọ́ o: ọkọ yín kò mọ̀ ọ́n rí. Ọdún mẹ́ta tí ẹ fi ń ṣe sàráà fún obìnrin tí ẹ rò pé ó tọ ọkọ yín lọ sọ́run, èmi ni mo fi irọ́ yẹn fún yín gbé.

Mo délé, mo tú ìwé ẹ̀rọ wò. Ilé ìwòsàn ni ìpè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá wọlé. Ó kan ilẹ̀kùn Fàòsíyà ní yàrá àyẹ̀wò. Bí ọmọbìnrin náà bá ń gba ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn, kò lè gbé fóònù. Ẹ̀rọ wá gbé ohùn náà lọ síbi tí mo ní kó gbé e lọ. Àwọn aláìsàn mìíràn tó gbọ́ ohùn Alàájì kò fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀, wọ́n fẹsẹ̀ wọn wá. Ràhámátù nìkan ló gbà á gbọ́. Ó rò pé Alàájì ni dókítà. Mo wá ìlà kejìlélógún rí, mo yí orúkọ kan ṣoṣo níbẹ̀ padà, ó tán. Iṣẹ́ ẹni tó ń gbọn eruku nù lára aṣọ ni. Lẹ́yìn náà mo pe nọ́ńbà rẹ̀. Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí Ràhámátù fúnra rẹ̀ gbé e. Ọkùnrin ló gbé e. Mo béèrè Ràhámátù. Ó ní ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n ti sin ín, tòun ti oyún oṣù méje. Ó wá bi mí wẹ́rẹ́ pé, “Ṣé ẹ̀yin ni Alàájì? Ṣé ẹ̀yin lẹ ní ẹ ó dá a lóhùn?” Mo pa fóònù.

Abdulkabir ni ọkùnrin náà, Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ló ń dé ilé. Òun ló pe ìkẹfà yẹn lẹ́yìn ìsìnkú. Ó rí nọ́ńbà tí ìyàwó rẹ̀ ń pè léraléra, ó pè é, ó gbọ́ ohùn Alàájì, kò sì mọ ohun tí yóò sọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó gbé fóònù ìyàwó rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà Mojí bi Fàòsíyà. Fàòsíyà ní èsì obìnrin náà burú lóòótọ́, òun sì ń retí pé yóò pè. Òun pe nọ́ńbà tó wà lórí káàdì rẹ̀, kò lọ. Iná kankan kò sì tàn rí lórí fóònù òun. Ó fi Àlùkùránì búra. Dókítà wá pè mí, ó ní, “Ẹnjiníà, ẹ wá lọ́la, kí ẹ gbé àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ dání. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè sọ ẹni tó ń parọ́.”

Ibi tí ojú ń tì mí jù la dé yìí. Mo ní odindi ọ̀sán kan láti ronú, nítorí náà ẹ má ṣe sọ pé Èṣù ló ti mí. Mo jókòó, mo ro ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí àwọn ayálégbé mẹ́sàn-án bá gbọ́ pé ogiri mi lu. Mo ro orúkọ Ẹnjiníà tí mo fi ọwọ́ ara mi gbà láìlọ sí ilé ìwé kankan. Nínú àpótí ohùn, ọ̀rọ̀ tí a kò tíì gbọ́ wà lápá kan, èyí tí a ti gbọ́ wà lápá kejì. Mo gbé ohùn Ràhámátù márààrùn-ún kúrò nínú àpótí Alàájì, mo kó wọn sínú àpótí Fàòsíyà, sí apá èyí tí a ti gbọ́. Mo tún ọjọ́ wọn tò kí ó lè bá a mu. Mo yí àkọsílẹ̀ padà. Mo ṣe é dáadáa. Ẹ gbọ́ ohun tí mo kọ yẹn: mo ṣe é dáadáa, inú mi tilẹ̀ dùn díẹ̀ nígbà tí gbogbo rẹ̀ bára mu, bí inú mi ti máa ń dùn bí iṣẹ́ bá pé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bẹ̀rù ara mi.

Ní ọjọ́ kejì, a jókòó ní ọ́fíìsì Dókítà. Abdulkabir ní ọkùnrin ni òun gbọ́. Dókítà ní kò sí ọkùnrin ní yàrá àyẹ̀wò. Ó ní kí Abdulkabir pe nọ́ńbà náà níṣojú wa. Ó pè é, ó jẹ́ kó dún síta. Ohùn obìnrin inú ẹ̀rọ ló dáhùn, nítorí èmi ti tún ìlà náà ṣe. Ọkùnrin náà wo fóònù bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ já a kulẹ̀ níwájú àlejò. Ó ní, “Ọkùnrin ni. Ó dárúkọ. Ó ní òun ni Alàájì Sàlàhúdíìnì.” Ojú gbogbo wọn yí sí mi. Mo ní, ní pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń ṣàánú rẹ̀, pé Sàlàhúdíìnì kan tí mo mọ̀ ní Papalanto ti kú kí Ràhámátù tó bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Òtútù gba inú yàrá náà. Abdulkabir fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Wọ́n kà á sí ẹni tí ọ̀fọ̀ ti yí lórí, ó sì bá wọn kà á bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Abdulkabir, orí yín pé. Ohun tí ẹ gbọ́, ẹ gbọ́ ọ. Èmi ni mo lo ìbẹ̀rù òkú láti bo ẹ̀bi alààyè.

Mo wá ṣí àpótí Fàòsíyà, mo fi hàn wọ́n pé ohùn márùn-ún ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ni a sì ti gbọ́. Dókítà ní kí n jẹ́ kí àwọn gbọ́ ọ̀kan. Mo ti mọ èyí tí n ó yàn láti àná: ìkejì, èyí tó sọ̀rọ̀ orí fífọ́, nítorí kò sí “Alàájì” nínú rẹ̀. Nígbà tí ohùn Ràhámátù jáde, ọkọ rẹ̀ bẹ̀ wá pé kí a pa á, kí a pa á. Kò sí ẹni tó béèrè àwọn yòókù. Fàòsíyà kò sunkún. Èmi ló ń wò, kò wo ẹlòmíràn. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n Zàíd, ẹ̀yin lẹ gbé fóònù yìí fún mi. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé iná rẹ̀ ò tàn rí.” Mo la ẹnu, mo sì gbọ́ tí mo ní, “Àbúrò, ẹ̀rọ kì í parọ́.”

Wọ́n lé e lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Àwọn tó fẹ́ wá tọrọ rẹ̀ fún ọmọ wọn ránṣẹ́ pé kí wọ́n má retí àwọn mọ́. Wọ́n ń na ìka sí i ní Adígbẹ́ pé ọmọ tó gbọ́ ẹkún aboyún tó dákẹ́ nìyẹn. Ó kó lọ bá ìyá rẹ̀ ní Kọ́bapẹ́, ó ń ta ọ̀pẹ̀ òyìnbó létí títì. Wọ́n ní kò ní fóònù mọ́. Bí tẹlòmíràn bá dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò dìde kúrò níbẹ̀.

Ìkẹfà nìkan ló ṣẹ́kù sínú àpótí Alàájì. Mo pa á rẹ́. Ní ọjọ́ kejì tí mo wo àpótí náà, ó wà níbẹ̀: èémí náà, àti Àlùkùránì tó jìnnà náà. Mo tún pa á rẹ́. Ó tún padà. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo gbé àga kúrò nínú yàrá sáfà, mo sì ń ṣe iṣẹ́ mi lórí ìdúró. Ó pẹ́ kí n tó rántí pé èmi fúnra mi ni mo kọ́ ẹ̀rọ náà lọ́dún tó ṣáájú pé ohunkóhun tó bá sọnù nínú àpótí ohùn, kó lọ mú un wá láti ibi ìpamọ́ ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Mo rí ìdí rẹ̀. Mo mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ dé góńgó. Síbẹ̀ n kò dán an wò lẹ́ẹ̀kẹrin. Inú ibi ìpamọ́ yẹn kan náà sì ni àkọsílẹ̀ ti àtètèkọ́ṣe wà, èyí tí n kò tíì fọwọ́ kàn: ọjọ́ tí Ràhámátù pè, àpótí tí ohùn rẹ̀ wọ̀, àti wákàtí tí èmi Zàíd kó o síbòmíràn. Mo ti dà á sórí fláàṣì mẹ́ta. Ìkan jẹ́ ti Dókítà Mojí, ìkan jẹ́ ti Abdulkabir, ìkan sì wà pẹ̀lú ìwé yìí.

Ẹni tó bá ń lọ sí Mẹ́kà máa ń kiri ilé lọ tọrọ àforíjì, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí èèyàn ṣẹ èèyàn, Ọlọ́run kì í bá onítọ̀hún dárí jini. Mo kiri. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo dé Kọ́bapẹ́. Fàòsíyà jókòó ti ọ̀pẹ̀ òyìnbó rẹ̀, ó ti rù. Mo sọ ohun tí gbogbo ẹni tó ń lọ máa ń sọ, pé bí mo bá ti ṣẹ̀ ẹ́, ìbáà ṣe mímọ̀ tàbí àìmọ̀, kó forí jì mí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Kí lẹ fi ṣẹ̀ mí, ẹ̀gbọ́n? Nínú gbogbo wọn, ẹ̀yin nìkan lẹ wá kí mi rí. Mo ti forí jì yín, láyé àti lọ́run. Kí ẹ ṣáà bá mi ṣàdúà kan tí ẹ bá débẹ̀: kí Ọlọ́run fi ẹni tó ba ayé mi jẹ́ hàn mí.” Ó bó ọ̀pẹ̀ òyìnbó kan, ó ní kí n máa jẹ ẹ́ lọ lọ́nà. N kò lè gbé e mì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, tí inú yín ń dùn bí nǹkan bá gbọ́ràn sí yín lẹ́nu, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún yín. Àṣìṣe kò lè pa orúkọ yín. Ìlà kan ni, ẹ ó sì tún un ṣe. Ohun tí ẹ bá ṣe ní ọjọ́ kejì lẹ́yìn tí ẹ ti rí àṣìṣe náà ni kí ẹ bẹ̀rù. Bí wọ́n bá sì tún sọ fún yín pé ẹ̀rọ kì í parọ́, ẹ béèrè orúkọ ẹni tó jókòó tì í.

Fàòsíyà, ìwọ ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ ka ìwé yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n gbé e dé Kọ́bapẹ́ kí ó tó dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Àdúà tí o ní kí n bá ọ ṣe kò ní láti dé Mẹ́kà kó tó gbà. Èmi ni. Ìdáríjì tí o fún mi létí títì, mo dá a padà, nítorí bí olè ni mo ṣe gbà á lọ́wọ́ rẹ. Bí o bá kà á tán, tí o sì rí òmíràn fún mi, n ó wá gbà á lórí ìkúnlẹ̀, níbi tí gbogbo Adígbẹ́ yóò ti rí mi. Bí o kò bá rí, tìrẹ ni, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ipá gbà á lọ́wọ́ rẹ. Bàálù yóò gbéra ní Ọjọ́bọ̀. Ó lè lọ láìsí mi.